Sẹ́lò Ni, Kì í Ṣe Pósí

Wọ́n pa mí ní gáréèjì Ore, wọ́n sì fi mọ́tò gbé òkú mi lọ fún ìyá mi ní Araromi-Obu, èmi tí orí kò tilẹ̀ fọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ náà.

Ẹni tó bá ń ka èyí lè sọ pé àsọdùn ni. Kì í ṣe àsọdùn. Èmi tí mò ń kọ ọ́ yìí ni òkú náà. Mo kàwé gboyè ní yunifásítì, mo sì mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ohun tí wọ́n fi ń ṣe àwàdà kiri Ore. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, bí mo bá ti yọ sójú títì, àwọn awakọ̀ á bọ́ fìlà, wọ́n á ní, "Màmá Olóòkú, ẹ kú ìrọ́jú o," wọ́n á sì bú sẹ́rìn-ín. Mo ti lọ bá ẹni tó yẹ kí n bá. Wọn ò fún mi lésì kan tó mọ́pọlọ dání. Ìdí nìyí tí mo fi gbé kálámù.

Iṣẹ́ mi ni kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé, nítorí inú rẹ̀ ni gbogbo ìwọ̀sí yìí ti yọ. Sẹ́lò ni mò ń ta. Ẹni tí kò bá rí i rí, kí ó ronú kan gòjé, lẹ́yìn náà kí ó ronú kan ìyá ìyá gòjé. Igi ni, inú rẹ̀ ṣófo, ó ní èjìká, ó ní ìbàdí, okùn mẹ́rin sì nà láti orí dé ìdí rẹ̀. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a na irun ìrù ẹṣin sí lára ni a fi ń fa okùn náà kí ó tó dún. Ọrun là ń pè é. Sẹ́lò fúnra rẹ̀ tún ní ọrùn, níbi tí a ti ń fi ìka tẹ okùn. Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ ń kọ́ ọ, ojoojúmọ́ ni ọ̀gá mi máa ń pariwo pé, "Fọlákẹ́, ọrun ni mo wí! Mi ò pe ọrùn!" Nítorí náà, ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá ọrun àti ọrùn yí i. Ọ̀run nìkan ni mi ò tíì dé, àwọn ará gáréèjì Ore sì fẹ́ bá mi parí ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ "ta" náà tún ti kó bá mi. Nígbà tí mo kó padà wálé láti Èkó, tí mo gba ilé sí Ore, bàbá onílé pè mí jókòó pé òun fẹ́ mọ irú ẹni tí òun gbà sílé.

"Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe, Màmá?"

"Mo ń ta sẹ́lò, sà."

"Èló?"

"Sẹ́lò, sà."

"Mo gbọ́ pé ẹ ń tà á. Èló lẹ ń tà á?"

A wà níbẹ̀ títí ìyàwó rẹ̀ fi wá pè é jẹun. Nígbà tó máa dìde, ó ní òun ò rà. Ó ní ọjà tí ọlọ́jà fúnra rẹ̀ kò lè dá iye lé, ó dájú pé wọ́n jí i ni.

Ọ̀gá tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, Ọ̀gá Akin là ń pè é. Òun ló kọ́ wa ní ohun èlò olókùn ní yunifásítì. Ohùn ni mo mú wá sílé ẹ̀kọ́ náà, ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti wá, ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ́ orin gbọ́dọ̀ mú ohun èlò kan. Àwọn tó yá jù mí lọ ti gba dùùrù àti fèrè. Sẹ́lò ló kù ní kọ̀rọ̀, eruku ti bò ó. Mo wọ síkẹ́ẹ̀tì kan tó fún mi pinpin lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àárín orúnkún méjèèjì ni sẹ́lò ń gbé. Mo fi ẹ̀gbẹ́ jókòó tì í bí ẹni jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà. Ọ̀gá Akin wò mí, ó wo síkẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ̀yin méjèèjì, ta ló fẹ́ kọ́ṣẹ́ nínú yín?"

Mo padà sí yàrá, mo lọ ró ìró. Títí di òní, ìró ni mo fi ń ta sẹ́lò, ì báà jẹ́ níwájú ọba.

Ohun tí ọ̀gá mi kórìíra jù lọ ni kí èèyàn máa fi ọrun lu okùn. Bí mo bá ti gbàgbé ara mi, á ní, "Má nà án. Kò jí nǹkan rẹ." Bí inú bá ń bí mi, tí mo sì fẹ́ fi orin gbẹ̀san, á gba ọrun lọ́wọ́ mi. "Sẹ́lò kì í bá èèyàn jà, Fọlákẹ́. Jẹ́ kí ìbínú ọwọ́ rẹ lọ sílẹ̀ ná." Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó gbé sẹ́lò tirẹ̀ gan-an fún mi, pẹ̀lú àpótí dúdú líle tó ń gbé e sí. Ó ní igi náà dàgbà ju òun lọ. Ó ní, "Kò sí irú rẹ̀ mọ́. Má jẹ́ kí n gbọ́ pé o sin ín sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì." Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni bàbá náà ń bẹ̀rù o! Kò mọ ohun tí àwọn ẹbí mi lè ṣe.

Mo ta á l'Èkó títí irun mi fi ń funfun: nínú gbọ̀ngàn ńlá, nínú ṣọ́ọ̀ṣì, níbi ìgbéyàwó àwọn olówó. Mo rí oríṣiríṣi. Ìyá ìyàwó kan rán ọmọ sí mi pé kí n dìde, pé gbogbo àwọn olórin yòókù ló nàró, kí ló dé tí èmi nìkan jókòó bí ẹni tí wọ́n wá kí? Bàbá olówó kan tún wà tó wá bá mi lẹ́yìn tí mo ti ta orin mẹ́rin, tó fi ìrẹ̀lẹ̀ béèrè pé, "Ìgbà wo lẹ máa tún un ṣe tán kí ẹ lè bẹ̀rẹ̀?" Mi ò bínú sí èyíkéyìí nínú wọn. Wọ́n gbọ́ mi, ó kàn jẹ́ pé wọn ò gbádùn rẹ̀ ni. Ẹnì kan ṣoṣo tó yẹ kó gbọ́ mi tí kò gbọ́ mi rí ni ìyá mi.

Àgbẹ̀ ni ìyá mi, kòkó ni wọ́n ń ṣe ní Araromi-Obu. Wọn ò lè wá sí Èkó, nítorí bí mọ́tò bá ti rìn díẹ̀, èébì ni. Èmi náà ò lè gbé sẹ́lò wá sí àárín oko, nínú òjò àti eruku ojú ọ̀nà yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni ọdún ń gorí ọdún. Ẹ̀yin tí ẹ mọ èdè Ìkálẹ̀, ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń mú tó lẹ́nu àwọn ìyá wa. Yorùbá tí gbogbo wa jọ ń kà ni màá fi kọ ọ́. Nígbà tí mo kó dé Ore, ìyá mi ní, "Ara mi ò gba kí n máa dúró mọ́. Gbé nǹkan yẹn wá sílé kí n gbọ́ ohun tó gba ọmọ mi lọ́wọ́ mi láti ọjọ́ pípẹ́. Bí mo bá kú láìgbọ́ ọ, màá bá a jà lọ́hùn-ún."

Ohun tí mo fẹ́ ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n pa mí nìyẹn. Mi ò lọ ṣe ayẹyẹ. Mo fẹ́ lọ ta sẹ́lò fún ìyá mi.

Ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá ń kà báyìí fara balẹ̀, nítorí ibí yìí ni irọ́ ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Mo dé gáréèjì láàárọ̀. Mo ti fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun we àpótí sẹ́lò nítorí eruku pupa. Àwọn olùgbèjà awakọ̀ ń sọ kiri pé aṣọ funfun yẹn ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ṣé aṣọ funfun ló ń pa èèyàn? Nọ́ọ̀sì ń wọ funfun. Àwọn awakọ̀ kó jọ, wọ́n ń wò ó.

"Màmá, kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Ohun èlò orin ni."

"Orin wo ló ní èjìká?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jí i o, ó ń sùn," ni awakọ̀ mìíràn wí.

Kò sí ẹni tó fẹ́ gbé e. Ẹnì kan ní bí òun bá gbé e, ìyàwó òun ò ní jẹ́ kí òun wọlé. Níkẹyìn ni awakọ̀ kan yọ, ọmọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí wọ́n kọ KÒ SÍ WÀHÁLÀ sí iwájú mọ́tò akẹ́rù kékeré rẹ̀, tí gbogbo gáréèjì sì ń pè ní Kòsíwàhálà. Ó ní kí n ṣí i kí òun wò ó. Mo ṣí i. Gbogbo ẹjọ́ mi wà lórí ohun tó ṣe tẹ̀lé e: ó na ìka rẹ̀, ó ta okùn tó nípọn jù, ó dún wùùù, ó sì rẹ́rìn-ín. "Ó dùn o, Màmá!" Ẹnu rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Kò sí ohun tó ṣókùnkùn sí i.

Ó ní iwájú mọ́tò òun ti kún, ẹ̀yìn náà ti kún fún ẹrù tí òun ti fi tapólì bò, pé orí ẹrù náà ni àpótí yóò sùn sí, kí èmi gun ọ̀kadà tẹ̀ lé òun. Mo bá a di okùn mọ́ ọn. Mo ki fóònù mi bọ àpò kékeré tó wà lára àpótí kí ó má baà já bọ́ lọ́wọ́ mi lórí ọ̀kadà. Mo ní, "Ilé Màmá Fọlákẹ́, tòsí ṣọ́ọ̀ṣì. Sọ fún wọn pé ti ọmọ wọn ni, mò ń bọ̀ lẹ́yìn." Ó ní, "Kò sí wàhálà." Ó lọ.

Ọ̀kadà mi ò tíì dé ibì kankan tó fi yà kúrò lójú ọ̀nà. Ó ní òun fẹ́ já àpò ajílẹ̀ kan fún ẹni kan ní Omifunfun, pé kíá ni. Ẹni tó ni ajílẹ̀ gbé oúnjẹ fún un. Mo dúró lábẹ́ igi ọ̀pẹ, mo ń wo ọlọ́kadà mi bó ṣe ń fi ìfarabalẹ̀ gé òkèlè. Mo ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ẹrù mi ti lọ o!" Ó ní, "Màmá, ẹrù ò ṣá lẹ́sẹ̀."

Nígbà tá a padà sójú ọ̀nà, a bá àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró láti yẹ̀ ẹ́ wò. Wọn kì í fi ojú rere wo ẹnikẹ́ni, gbogbo wa la mọ̀ wọ́n. Ọlọ́kadà sọ fún wọn pé mọ́tò Kòsíwàhálà tó gbé ẹrù Màmá ló ṣáájú. Kíá ni ojú wọn rọ̀. Ọ̀gá wọn bọ́ fìlà.

"Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ kú ìrọ́jú."

Mo rò pé eruku ni. "A dúpẹ́, sà. Ojú ọ̀nà yìí ló burú."

"Mọ́tò yín ti kọjá. A ò tiẹ̀ dá a dúró rárá."

"Ẹ ṣeun, sà."

"Ọlọ́run á dá ẹ̀yin tó kù sí."

"Àmín," ni mo wí. Mo tún rò ó lọ́kàn mi pé àwọn èèyàn yìí ti yí padà o, ẹ̀kọ́ ti wọ̀ wọ́n lára.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé bí Kòsíwàhálà ti jáde kúrò nílùú ló yà wọ inú igbó, tó gé imọ̀ ọ̀pẹ tútù, tó sì so màrìwò mọ́ iwájú mọ́tò rẹ̀. Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ ohun tí màrìwò ń wí níwájú mọ́tò? Òkú ló wà níbẹ̀, ẹ yà fún un. Kò sí ẹni tó máa ní kí wọ́n tú tapólì orí òkú wò. Abẹ́ tapólì náà, abẹ́ sẹ́lò Ọ̀gá Akin, kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù ló wà níbẹ̀ fọ́fọ́, èyí tí kò yẹ kó gbé kọjá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Araromi kí n tó dé, ọmọ àbúrò ìyá mi, Fẹ́mi, ló sọ fún mi lẹ́yìn náà, ojú ń tì í. Mọ́tò pẹ̀lú màrìwò dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìyá mi. Àbúrò ìyá mi, Ìyá Fẹ́mi, ló jáde. Ó rí àpótí gígùn, ó rí aṣọ funfun. Ó béèrè pé, "Ta nìyẹn?" Kòsíwàhálà búra títí di òní pé òun dáhùn pé, "Ti ọmọ Màmá ni." Ìyá Fẹ́mi náà búra pé ohun tó wí ni, "Ọmọ Màmá ni." Ẹ wò ó, "ti" lásán ni! Ọ̀rọ̀ tí kò ju lẹ́tà méjì lọ. Àìsí rẹ̀ ló pa mí. Mo kọ́ gírámà ní yunifásítì, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ pé ó lè gba ẹ̀mí èèyàn. Wọ́n gbé àpótí sọ̀ kalẹ̀, mọ́tò sì fò lọ.

Fẹ́mi ní òun sọ pé kí wọ́n pe fóònù mi ná. O ṣeun, Fẹ́mi. Wọ́n pè é. Fóònù mi dún láti ara pósí! Kí ó lè burú sí i, ohùn sẹ́lò tí mo fúnra mi ta, tó lọ sílẹ̀ tó ń fà bí ẹkún, ni mo fi ṣe ohùn ìpè mi. Ìyá Fẹ́mi ṣubú lulẹ̀. "Ẹ gbọ́ ọ! Ó ń sunkún nínú ibẹ̀!"

Òkú ọ̀fọ̀ kì í pẹ́ nílẹ̀, ìyá kì í sì í fojú kan òkú ọmọ rẹ̀. Bí àwọn àgbààgbà ṣe sọ nìyẹn. Wọ́n ti ìyá mi mọ́ yàrá, obìnrin méjì dì wọ́n mú. Wọ́n gbé àpótí lọ sẹ́yìnkùlé, Fẹ́mi àti àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ igi kòkó.

Bí ọ̀kadà mi ti dúró, ariwo ẹkún ni mo gbọ́. Ọlọ́kadà ní, "Ó dà bíi pé ẹnì kan kú nílé yìí." Mo rò pé ìyá mi ni. Mo sáré gba ẹ̀gbẹ́ ilé. Nígbà náà ni mo gbọ́ ohùn Ìyá Fẹ́mi tó ń fi mí sunkún:

"Fọlákẹ́ o! Ọmọ tó kàwé kàwé tó lọ fẹ́ igi! Ó láhun díẹ̀, ṣùgbọ́n a fẹ́ràn rẹ̀! Kò mọ ọbẹ̀ sè, ṣùgbọ́n ọmọ wa ni!"

Mo dúró. Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò mọ̀ pé òkú ni mí. Ahun tó fi kàn mí ni mo kọ́kọ́ gbọ́.

"Ìyá Fẹ́mi, ta ló láhun?"

Ó yíjú padà. Ó rí mi, eruku pupa bò mí láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hú láti inú ilẹ̀. Ó ké, "Àkúdàáyà!" Ilé tú. Àga ń ṣubú, bàtà ń fò. Àwọn ọkùnrin tó ń gbẹ́ ilẹ̀ ju ṣọ́bìrì sílẹ̀, wọ́n gba inú oko lọ. Fẹ́mi nìkan ló kù, nítorí inú ihò ló wà, ó sì ti jìn dé ìbàdí rẹ̀. Ó fẹ́ fò jáde, ilẹ̀ ń yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́! Èmi kọ́ ni mo pa yín! Ìyá mi ló ní kí n gbẹ́ ẹ!"

"Fẹ́mi, kí lo fẹ́ sin?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

Nígbà náà ni mo rí àpótí mi létí ihò náà, tí wọ́n ti fi okùn sí lórí àti ní ìdí láti sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bí ọlọ́kadà mi bá tún bu ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, wọn ì bá ti da yẹ̀pẹ̀ bo sẹ́lò náà, kò sì sí irú rẹ̀ mọ́ láyé. Mo jókòó lórí àpótí náà, mo sì pariwo pé kò sí ẹni tó máa sin ín.

Bàbá àgbà kan, olórí àdúgbò, ló gbójúgbóyà padà. Ó dúró lẹ́yìn igi, ó na ọ̀pá sí mi láti ọ̀ọ́kán.

"Bó bá jẹ́ pé ìwọ Fọlákẹ́ lò ń sọ̀rọ̀ yìí, ta ló wà nínú pósí?"

"Bàbá, kì í ṣe pósí. Sẹ́lò ni."

"Ta ni ń jẹ́ Sẹ́lò?"

Kí n tó dáhùn, Ìyá Fẹ́mi ti yọjú láti ẹ̀yìn ilé ìdáná. "Ọkọ rẹ̀ ni! Ó ti fẹ́ ọkọ láìsọ fún wa! Yéè, àna wa Sẹ́lò o! A ò tiẹ̀ rí ọ kí o tó lọ!" Ó sì tún bẹ̀rẹ̀ ẹkún ọ̀tun, ó ń fi àna tí kò rí rí sunkún pé ó jẹ́ ọmọ dáadáa, pé ìyàwó rẹ̀ ló láhun.

Mo tú okùn. Mo tú aṣọ. Mo ṣí àpótí. Òórùn epo bẹntiróòlù ló kọ́kọ́ jáde, ìgbà yẹn ni mo sì mọ ohun tó wà lábẹ́ tapólì. Sẹ́lò mi ṣì pé, okùn kan ṣoṣo ló já. Mo gbé àga kan tó ti dojú délẹ̀, mo gbé e nàró sétí ibojì mi, mo jókòó. Inú ń bí mi. Mo fẹ́ fi ọrun na nǹkan kan. Ohùn Ọ̀gá Akin ló sọ sí mi lọ́kàn: jẹ́ kí ìbínú ọwọ́ rẹ lọ sílẹ̀ ná. Mo dúró títí ó fi lọ. Mo wá fi okùn mẹ́ta tó kù ta orin tí ìyá mi máa ń kọ sẹ́nu bí wọ́n bá ń fọ́ kòkó, èyí tí mo gbọ́ lẹ́yìn wọn kí n tó mọ̀ pé orin ni.

Àwọn tó sá sínú oko ń yọ orí lọ́kọ̀ọ̀kan. Fẹ́mi jókòó sínú ihò, ó fi àgbọ̀n lé etí ihò náà, ó ń wo ọwọ́ mi. Ilẹ̀kùn yàrá ṣí. Ìyá mi jáde, àwọn obìnrin méjì náà ń tẹ̀ lé wọn bí ẹni tẹ̀ lé ìyàwó. Wọ́n wá, wọ́n fi ọwọ́ pa orí mi, wọ́n fi ọwọ́ pa orí sẹ́lò náà, wọ́n sì jókòó sílẹ̀.

"Mo sọ fún wọn," ni wọ́n wí. "Mo rí i lójú fèrèsé, mo ní pósí yẹn kéré. Mo ní ọmọ mi sanra, kò lè wọ inú ìyẹn. Wọ́n ní ìbànújẹ́ ló ń dà mí láàmú."

Mo ta á parí. Ìyá mi wo Ìyá Fẹ́mi.

"Nǹkan yìí mọ ẹkún sun jù ọ́ lọ. Kò sì fi ahun kan ẹnikẹ́ni." Wọ́n yíjú sí mi. "Tún un ta." Mo tún un ta. Nígbà tí mo parí, wọ́n mi orí. "Ó dára. Mi ò bá a jà mọ́."

Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń retí láti ìgbà tí mo ti ró ìró jókòó níwájú Ọ̀gá Akin nìyẹn, mo sì gbà á létí ibojì ara mi. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn àgbààgbà ní ihò tí a ti gbẹ́ fún òkú kì í ṣófo. Wọ́n gé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, wọ́n sin ín dípò mi. Ó wà níbẹ̀ di òní. Ìyá Fẹ́mi ń kí i bó bá ń kọjá.

Mo padà sí Ore, mo lọ bá Kòsíwàhálà níwájú Alága gáréèjì. Ẹ gbọ́ èsì tó fún mi. Ó ní, "Màmá, ẹnu mi ò sọ pé òkú ni. Màrìwò ni mo so. Màrìwò ò lẹ́nu."

Alága dá sí i, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. "Màmá, ṣé ẹrù yín dé?"

"Ó dé."

"Ó fọ́?"

"Okùn kan já."

"Wọ́n dá a dúró lójú ọ̀nà?"

"Wọn ò dá a dúró."

"Kí wá ni ẹjọ́?"

Gbogbo gáréèjì pàtẹ́wọ́ fún un. Mo ti rí pàtẹ́wọ́ nínú gbọ̀ngàn ńlá, mi ò rí èyí tó dùn mí tó bẹ́ẹ̀ rí. Èyí tó wá burú jù ni pé àwọn awakọ̀ tó kọ̀ láti gbé sẹ́lò mi, gbogbo wọn ló ti fẹ́ràn rẹ̀ báyìí. Bí mo bá ń lọ ra nǹkan, wọ́n á máa sáré tẹ̀ lé mi. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé bùròdá Sẹ́lò ò ní lọ síbì kankan lọ́la? Ọ̀fẹ́ ni màá gbé e o!" Àwọn kan ti ń béèrè bóyá mo ní èyí tó kéré sí i, fún mọ́tò kékeré.

Nítorí náà, mo ń béèrè, mo sì fẹ́ kí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn dáhùn. Kòsíwàhálà, ìwọ tí o fi ìka ara rẹ ta okùn náà, òkú wo lo mọ̀ tó ń dún wùùù tí o sì sọ pé ó dùn? "Ti" tí mo fi rán ọ sí ìyá mi, ibo lo jù ú sí lójú ọ̀nà? Alága, ẹni tí ẹ ní ẹrù rẹ̀ dé láyọ̀, ṣé ẹ̀yin lẹ máa lọ gbọ́ ẹkún tó bá a débẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ń dá ọkọ̀ dúró, tí ẹ bọ́ fìlà fún mi, ẹ̀yin tí imú yín ń gbọ́ òórùn ẹran ìgbẹ́ nínú àpò èèyàn, báwo ni ẹ ò ṣe gbọ́ òórùn epo? Títí di òní, bí mo bá ta okùn tó nípọn yẹn, epo ló ń rùn jáde látinú rẹ̀. Ìyá Fẹ́mi, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ wo gan-an ni mo láhun?

Ẹ má rán ẹnikẹ́ni wá bẹ̀ mí. Ẹ má kí mi kú ìrọ́jú. Èsì ni mo fẹ́, láti ẹnu ẹni tó ní ẹnu, kì í ṣe ti màrìwò. Mo ṣì wà láàyè, mo sì ń dúró.